Imú Gbígbẹ, Imú Wíwú: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Bá Wa Jà ní Òkè-Ògùn

Ní àárọ̀ oṣù kìn-ín-ní, kí oòrùn tó ràn dáadáa ní Ṣakí, àkùkọ nìkan kọ́ ló ń jí ará agbolé. Ẹnì kan á sín lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹlòmíràn á fun imú títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, ọmọdé kan á sì máa sunkún nítorí pé ìyá rẹ̀ ń fi etí ìró tó rẹ sómi yọ èépá kúrò ní ihò imú rẹ̀. Èépá náà le bí ìpẹ́ ẹja. Tó bá ṣí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá bi ìyá náà léèrè, á ní, "Ọyẹ́ ni." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n tí oṣù kẹrin bá wọlé, tí òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí imú ṣì ń gbẹ, tó ṣì ń wú, tí ẹni tó ni ín ṣì ń fi ẹnu mí lóru, a ò lè máa pe orúkọ ọyẹ́ mọ́.

Mo ti ń fojú sí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé imú tèmi náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé a ń ka gbígbẹ sí ọ̀tọ̀, a sì ń ka wíwú sí ọ̀tọ̀. Ẹni tí imú rẹ̀ dí á wá nǹkan tó máa tú u. Kò ní í mọ̀ pé gbígbẹ ló fa dídí náà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú nǹkan tí wọ́n ń tà fún títú imú ló tún ń gbẹ ẹ́ sí i. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yí bíríbírí láti ọdún dé ọdún.

Ibi tí ọyẹ́ ti ń bọ̀ jìnnà. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, kòtò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi jáde. Omi ló kún ibẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí adágún Chad ṣì tóbi fíìfíì ju báyìí lọ. Nígbà tí omi náà gbẹ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ìyẹ̀fun funfun tó kúná ju èlùbọ́ lọ. Ìyẹ̀fun yìí ni atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, kò sì sí ojúkò mìíràn láyé tí eruku ti ń jáde tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò ní etíkun Guinea láyé ọjọ́un sọ atẹ́gùn náà ní "Dókítà", nítorí pé ó ń gbá ọ̀rinrin etíkun lọ. Fún ẹni tó wà létí òkun, ó lè jẹ́ dókítà. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ní Kíṣí, Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ṣakí, títí dé Ìsẹ́yìn, kò sí igbó kìjikìji tó dábùú rẹ̀ kó tó kàn wá. Nígbà tó bá le, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ dé ìdá 20 nínú 100, kó tún lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a sá ní agogo méje á ti gbẹ kí a tó jẹun àárọ̀ tán. Ohun tó ń gbẹ aṣọ yìí náà ló ń gbẹ imú.

Iṣẹ́ imú kì í ṣe kékeré. Àgbàlagbà ń mí afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bí lítà 10,000 lójúmọ́. Kí afẹ́fẹ́ yìí tó dé ẹ̀dọ̀fóró, imú gbọ́dọ̀ mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó rin ín, kó sì sẹ́ eruku inú rẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Omi tó ń ná lórí iṣẹ́ yìí lójúmọ́ tó omi inú ọ̀rá pure water kan, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ihò imú kọ̀ọ̀kan, ẹran rírọ̀ mẹ́ta ló nà jáde láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń kún inú wọn, ó ń fà, bí omi ṣe ń ṣe nínú kànìnkànìn. Ikun bò wọ́n. Ikun yìí ni eruku ń lẹ̀ mọ́, irun tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí á sì máa tì í lọ sẹ́yìn ọ̀fun, a ó gbé e mì láìmọ̀.

Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, ikun á ki, á lẹ̀, á di èépá. Irun kéékèèké náà ò ní rí nǹkan tì mọ́. Eruku tó yẹ kó kọjá á jókòó sójú kan, á máa ta ẹran imú, ẹran imú á sì ṣe bí gbogbo ẹran ara ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá ta á: á pọ́n, á wú. Bí imú kan náà ṣe ń gbẹ tó sì ń dí nìyẹn. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Títutù afẹ́fẹ́ lára ẹran imú ni ọpọlọ wa fi ń mọ̀ pé ọ̀nà ṣí. Ẹran tó ti gbẹ, tí èépá ti bò, kì í mọ títutù náà dáadáa. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi máa ń búra pé imú òun dí pa, tí dókítà bá sì tan iná wò ó, á rí i pé ọ̀nà là gbayawu.

Ẹ jẹ́ ká má sì di gbogbo rẹ̀ ru ọyẹ́. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ìyá wa ti ń dín gàrí. Obìnrin á jókòó ti agbada láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀, á máa fi igbá fọ́ ọ, á máa rò ó, oru kíkan ẹ̀gẹ́ àti èéfín igi á jọ máa fẹ́ lù ú lójú. Á ṣí àpótí rẹ̀ kúrò lójú atẹ́gùn, atẹ́gùn á yí padà bá a níbẹ̀. Nígbà tó bá fun imú nírọ̀lẹ́, dúdú ló ń jáde. Ẹni tó ń lọ èlùbọ́ ń kó ìyẹ̀fun símú, funfun báláú ló máa ń jáde nínú ilé ẹ̀rọ. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ń mí fúlọ́fúlọ́ òwú. Ẹni tó ń sun èédú nínú igbó wà nínú èéfín tọ̀sán tòru, èédú sì ti di òwò ńlá ní agbègbè wa. Àgbẹ̀ tábà ń bẹ láàárín wa pẹ̀lú, ewé tábà Òkè-Ògùn kì í ṣe tuntun. Tí ẹ bá fi igbó tí wọ́n ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kún un, àti eruku yangí tí ọlọ́kadà ń là kọjá lójoojúmọ́, ẹ ó rí i pé imú ará Òkè-Ògùn kì í sinmi. Ní tèmi, èéfín ìdáná ló burú jù nínú wọn, nítorí pé ó ń bá àwọn obìnrin àti ọmọ ẹ̀yìn wọn jà jálẹ̀ ọdún, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o.

Kí là ń lò sí i? Robb ló kọ́kọ́ ń wá síwájú, tàbí Aboniki. Wọ́n á fi ra imú, wọ́n á fi ra àyà, àwọn mìíràn á tìka bọ̀ ọ́ sínú ihò imú. Ó ń tuni nínú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n menthol inú irú ìpara bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ó ń mú kí ẹran imú rò pé afẹ́fẹ́ tútù ń kọjá. Ron Eccles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cardiff, ní Wales, wọn bí imú ṣe ṣí tó kí àwọn èèyàn tó fa menthol àti lẹ́yìn tí wọ́n fà á. Àwọn èèyàn náà ní imú àwọn ti tú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kò rí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó tu òun lára kó lè sùn, kó fi ra àyà rẹ̀. Kó má fi sínú imú tó ti bó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ má fi sí i nímú tàbí nítòsí imú rárá, camphor àti menthol lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá.

Aáṣáà ń mú èèyàn sín, sísín náà sì dà bí ìtura. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: tábà lílọ̀ ni, eruku lórí eruku ni.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí imú ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ìgò kékeré ni, ó wà ní gbogbo ilé oògùn, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ xylometazoline, oxymetazoline tàbí ephedrine. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹran imú pọ̀, ẹran náà á sọ̀, ọ̀nà á ṣí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọdún kan tí ọyẹ́ le, mo ra ọ̀kan. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kíkán ẹ̀ẹ̀kan kò tó mọ́, mo ń kán an lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Oṣù kejì ni mo gbàgbé ìgò náà sílé nígbà tí mo lọ sùn lóko. Nígbà tó fi máa di òru, ihò imú méjèèjì ti wú pa, mo jókòó síta títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnu mi gbẹ bí ewé tó já. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń lò ó, èmi náà kò sì ka ìwé pélébé inú páálí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà tiẹ̀ ń fẹ́ kó má ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹran imú kò ní lè sọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́: tí agbára oògùn bá ti tán, á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì máa gbẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi yọ mí kúrò nínú rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Wọ́n ní kí n dá a dúró ní ihò imú kan ná, kí n máa kán an sí èkejì nìkan. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ fi tú fúnra rẹ̀, mo dá èkejì náà dúró. Omi iyọ̀ ni wọ́n ní kí n máa fi fọ̀ ọ́ ní gbogbo àsìkò náà. Irú oògùn mìíràn tún wà tí wọ́n ń fín sí imú, èyí tó ní steroid, tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí nǹkan kan bá ń bí imú rẹ̀ nínú, bí eruku tàbí irun ẹran ọ̀sìn. Ìyẹn kì í sọni di ẹrú bí ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó lè gbẹ imú kó sì mú un ṣẹ̀jẹ̀ tí èèyàn bá ń fín in lu ògiri àárín imú. Ẹ̀gbẹ́ òde, lápá etí, ni kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí.

Omi iyọ̀ yìí ò gbówó lórí. Omi inú ọ̀rá pure water kan jẹ́ ìdajì lítà. Ẹ sè é kó hó, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ po iyọ̀ ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú sí i. Ẹ tẹrí ba lórí bésìnnì, ẹ fa díẹ̀ símú láti àtẹ́lẹwọ́, ẹ fun un jáde díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi lásán tí kò níyọ̀ máa ń ta imú, ìwọ̀nba iyọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kó ta á. Àwọn Mùsùlùmí tó pọ̀ láàárín wa ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́: nínú àlùwàlá, wọ́n ń fa omi símú, wọ́n sì ń fun un jáde, ìgbà mẹ́ta mẹ́ta, ṣáájú ìrun. Mo gbà pé ó ń ran imú wọn lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa síse omi kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2011, èèyàn méjì kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí wọn kò sè fọ imú, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Naegleria fowleri gba imú wọn dé ọpọlọ. Irú rẹ̀ ti pa èèyàn ní Karachi, ní Pakistan. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó dúró sójú kan ni kòkòrò náà fẹ́ràn. Ẹ má rọ omi odò tàbí omi inú táńkì tí oòrùn ti pa sínú imú yín lọ́hùn-ún.

Ó wá kan òrí. Nígbà tí mo kéré, ìyá àgbà á ya òrí bí ẹyọ ẹ̀wà kan, á fi ìka ọmọńdinrín ra ẹnu ihò imú wa kí a tó sùn. A rò pé nítorí kò sówó ìpara ni. Ní ọdún 1979, olùwádìí kan, Tella, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ oògùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Journal of Clinical Pharmacology. Ó fi òrí sí imú àwọn tí imú wọn wú tó sì dí, ó fi wé xylometazoline tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan, òrí ló sì tú imú yá jù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èyí kọjá bó ṣe jẹ́. Àwọn tó yẹ̀ wò kò pọ̀, àkọlé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì pè é ní ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dá mi lójú láìsí ìwé ìròyìn kankan: òrí ń dá omi dúró sínú ẹran imú, oògùn kíkán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún imú tí gbígbẹ ń wú, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ẹnu ihò imú ni kí òrí mọ o. Ní ọdún 1925, dókítà kan ní Toronto, G. F. Laughlen, kọ̀wé lórí àwọn tí òróró tí wọ́n ń dà sí imú ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, tó sì di àrùn níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ló rọrùn jù fún kó ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ìyá tó máa ń gbé ọmọ dà sẹ́yìn, tí wọ́n á kán àdí tàbí òróró sí i nímú kí ọ̀fìnkìn lè jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Omi iyọ̀ ẹ̀kán kan tàbí méjì tó fún ọmọ.

Nínú ilé, àmù àtijọ́ tó wà ní igun yàrá ń ṣe ju kó mú omi tutù lọ, omi tó ń jáde lára rẹ̀ ń rin yàrá. Ẹni tí kò ní àmù, kó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù kọ́ sára àga nítòsí ibùsùn. Ẹni tó ń dín gàrí tàbí tó ń gun ọ̀kadà, kó fi aṣọ rírẹ bo imú. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nímú, ẹ má gbé orí sẹ́yìn bí a ṣe kọ́ wa. Ẹ tẹ orí síwájú, ẹ fi ìka méjì fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìtú u wò. Ara ògiri tó pín imú sí méjì níwájú ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń wá, ibi tí èékánná ń dé gan-an.

Ó wá ku èyí tí kì í ṣe ti ọyẹ́. Ọmọ tí ihò imú kan ṣoṣo ń rùn, tó ń dà, ẹ wò ó bóyá ìlẹ̀kẹ̀, àgbàdo tàbí fóòmù ló kì bọ̀ ọ́. Àgbàlagbà tí èépá imú rẹ̀ pọ̀, tó ń rùn tí òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́ òórùn náà, àrùn tó ń jẹ ẹran imú tín-ín-rín ni, ó gba ìtọ́jú oṣù pípẹ́. Ẹni tí imú, ẹnu àti ojú rẹ̀ jọ gbẹ pọ̀ ní ohun tó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún. Ẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú máa ń ti imú bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn: imú á dí, á ṣe èépá, á ṣẹ̀jẹ̀, ojú ibì kan lára á sì kú. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ jù ni èyí tí F. D. Martinson àti B. M. Clark kọ nípa rẹ̀ láti Ìbàdàn ní ọdún 1967: fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń gbé inú ilẹ̀ àti ewé jíjẹrà, tó ń gba imú wọlé, tí imú á máa wú díẹ̀díẹ̀ láìdunni, tí wíwú náà á tàn dé ètè òkè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ará ilé á máa sọ pé wọ́n fi nǹkan ṣe é ni. Oògùn ń wo irú rẹ̀ sàn tí wọ́n bá tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ imú, ẹ̀ka wọn sì wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn.

Àwọn tó wà ní àríwá wa mọ̀ pé imú gbígbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírùnyírùn, tó ń mú ọrùn gan, ń jà láti Senegal dé Ethiopia, ní agbègbè tí dókítà kan, Lapeyssonnie, kọ́kọ́ fi àmì sí ní ọdún 1963. Àwọn onímọ̀ rò pé ẹran imú àti ọ̀fun tí eruku àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti bó wà lára ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún un.

Nígbà tí mo gba ọ̀nà oko kọjá láìpẹ́, mo rí ebè èédú mẹ́ta tó ń rú èéfín, kùkùté igi emi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Igi emi ni igi tó ń so òrí. A kì í gbìn ín bí ẹni gbin kajú, ó lè tó 15 sí 20 ọdún kó tó so èso àkọ́kọ́, èédú rẹ̀ sì ń pa owó nítorí pé igi rẹ̀ le. Ohun tó ń rin imú wa là ń sun di ohun tó ń gbẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní i lóko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń sun èédú.